Ọ̀wọ̀ Wà Nínú Wọn: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù Ṣe Ń Tọrọ Nǹkan Lédè Gẹ̀ẹ́sì

"Please sir, I want you to help me sign my form." Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ tó bá ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga lágbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọmọ tó sọ ọ́ ti kí olùkọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu lórí fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ obìnrin, ó ti fi orúnkún kan kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ó ti tẹrí ba. Ọwọ́ méjèèjì ló fi na ìwé náà. Olùkọ́ tó jẹ́ Yorùbá wò ó, ó rí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó sì buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá kọ gbólóhùn kan náà sínú ímeèlì, tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, ẹni yẹn lè kà á kó rò pé ẹnì kan ló ń pàṣẹ fún òun.

Ọ̀wọ̀ kò wọ́n àwọn ọmọ wa. Ilé ti kọ́ wọn, wọ́n sì gbà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ wọn ni ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí. Nítorí náà, wọ́n ń kó ọ̀wọ̀ ilé lọ síbi tí àwọn kan kò ti lè rí i, wọ́n sì ń jìyà ìwà tí wọn kò hù. Ó yẹ ká kọ́ wọn ní gbangba, nínú kíláàsì, láìfi èdè ìyá wọn ṣẹ̀sín.

Ìlú mẹ́ta lójú ọ̀nà kan

Ẹni tó bá ti Òṣogbo forí lé Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, kó tó bọ́ sí Ìnísà àti Òkukù tí wọ́n jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn. Ọdún 2006 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, nígbà tí Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ọmọ Òkukù, wà nípò gómìnà. Wọ́n pín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà sí ìlú mẹ́fà. Òkukù ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso okòwò àti ìmọ̀ àwùjọ sí. Ìkirè ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà lọ.

Ìpínyà yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ tó ń kàwé l'Ókukù kò wá gboyè nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ ìṣèlú ló wá kọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó ní lọ́wọ́ ni èyí tó kó bọ̀ láti girama, pẹ̀lú GST 111, kọ́ọ̀sì ìlò Gẹ̀ẹ́sì tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó máa ṣe lọ́jọ́ iwájú kún fún títọrọ nǹkan. Yóò tọrọ àyè iṣẹ́. Yóò ní kí oníbàárà san gbèsè láìmú un bínú. Yóò rọ ọ̀gá pé kó fi ọjọ́ kún ọjọ́ tí òun fẹ́ fi parí iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti Yorùbá, agbègbè yìí kò kẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó ń mú èèyàn dìde ṣe nǹkan. Òkukù ni Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní àwọn ọdún 1970 tó fi kọ́ nípa oríkì, tó sì kọ ìwé lé e lórí tó jáde ní 1991. Oríkì kì í ṣe ti ọjọ́ ìnáwó nìkan. Ìyá tó fẹ́ rán ọmọ lówùúrọ̀ kùtù mọ̀ pé bí òun bá pe Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, tí òun sì fi ìwọ̀nba oríkì orílẹ̀ lé e, ara ọmọ náà á yá gágá. Ó ti bu ẹ̀yẹ fún ọmọ kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí bá nílẹ̀ nìyẹn: kí á gbé ẹni tí à ń bẹ̀ ga ná, kí á tó sọ ohun tí a fẹ́.

Bí ẹ̀bẹ̀ Yorùbá ṣe ń tò

Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kíkí ló ń ṣáájú, ìkíni náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Àlàyé ló kàn: ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí òun ti dé, ìdí tí kò fi sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìn àlàyé ni ẹ̀bẹ̀ ń wá: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi buwọ́ lù ú. Bí a bá ká gbogbo ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà ká kúrò, "buwọ́ lù ú" ló kù, bí ọ̀gá ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀ ni "ẹ" tó ṣáájú rẹ̀, "bá mi" tó wà láàárín, ohùn tó rọlẹ̀ àti orúnkún tó kanlẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀bẹ̀ kì í jáde lẹ́nu rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á ní, "Sà, mo wo pátákó, mi ò rí máàkì tèmi," á sì dákẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ọmọ náà fi ìyókù sílẹ̀ kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ parí rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń rán àgbà níṣẹ́.

Ó sì ní ohun tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ rán àgbà rárá, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Bó bá di dandan, ó máa wá ẹni tó máa bá òun bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí odindi kíláàsì fi máa ń rán gómìnà kíláàsì sí olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó sún ọjọ́ ìdánwò síwájú. Ọ́fíìsì yunifásítì wa gan-an ń tẹ̀lé ìlànà tó jọ ọ́: létà akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn aláṣẹ òkè gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka kọjá. Ẹ̀bẹ̀ Yorùbá kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì méjì péré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ń lo Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí

Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò ní "o" àti "ẹ". "You" kan náà ni ọba àti ọmọ ọwọ́. Àwọn elédè náà kì í kúnlẹ̀, ìkíni wọn kì í sì í gùn. Wọ́n wá kó ọ̀wọ̀ wọn sínú ọ̀rọ̀ ìṣe àti bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn. Ẹ wo "I was wondering if you could sign my form." Ẹni tó sọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ bíi pé àná ni nǹkan náà wá sọ́kàn òun. Ó ń sọ ọ́ bíi pé èrò lásán ni. Ó fi "if" sí i kó lè ṣeé ṣe, kó sì lè má ṣeé ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ láti kọ̀ láìtijú. Lójú elédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣe ṣí tó ni ọ̀wọ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ní 1978, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Penelope Brown àti Stephen Levinson, kọ àròkọ gígùn kan lórí ìwà ọ̀wọ̀ nínú èdè, èyí tó di ìwé ní 1987. Gẹ̀ẹ́sì, Tamil ti ilẹ̀ Íńdíà àti Tzeltal ti ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní ohun méjì ni gbogbo èèyàn ń fẹ́ láwùjọ: kí wọ́n fẹ́ràn òun kí wọ́n sì bu iyì fún òun, àti kí wọ́n má ṣe dí òun lọ́wọ́. Títọrọ nǹkan ń halẹ̀ mọ́ ìkejì, ìdí nìyí tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́. Àlàyé wọn bá ìwà Gẹ̀ẹ́sì mu gan-an. Ṣùgbọ́n Onuigbo Nwoye wo àwùjọ Igbo, ó sì kọ̀wé ní 1992 pé níbi tí olúkúlùkù ti jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ìlú, àwọn èèyàn kì í sábà ka títọrọ nǹkan sí ìyọlẹ́nu. Yorùbá náà mọ ohun tó ń sọ. Àgbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ní ohunkóhun rí yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá àwọn èèyàn ṣì kà á kún. Ní 1989, Efurosibina Adegbija tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin ti fi ìwà ọ̀wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, Yorùbá àti èdè Ogori wéra. Ó hàn pé àwọn onímọ̀ wa ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kò tíì dé tó bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá rò pé sísọ ọ̀rọ̀ tààrà jẹ́ àìmọ̀wàáhù, kó gbọ́ ohun tí Shoshana Blum-Kulka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ńlá kan tó jáde ní 1989. Wọ́n gbé ipò kan náà síwájú àwọn elédè oríṣiríṣi, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn tó ń sọ Spanish ní Ajẹntínà ló sọ ọ̀rọ̀ tààrà jù, àwọn elédè Hébérù tẹ̀lé wọn, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ọsirélíà ló sì yí ọ̀rọ̀ ká jù. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé gbogbo ará Ajẹntínà ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Olúkúlùkù èdè ní ibi tó ń kó ọ̀wọ̀ sí.

Nígbà tí èdè méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ọmọ kan

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìkìrun tàbí Ìnísà ń ṣe nígbà tó bá ń tọrọ nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà nínú. Nígbà tó wá "ẹ" tí kò rí i, ó fi "sir" àti "ma" dí àyè rẹ̀. Nítorí pé "ẹ" máa ń wọ gbogbo gbólóhùn Yorùbá, "sir" náà gbọ́dọ̀ wọ gbogbo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: "Good morning sir. Please sir, I came yesterday sir, but you were not around sir." Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní "sir" náà ti pọ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ yóò rí i pé ọmọ náà ń san gbèsè ọ̀wọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kò sì fẹ́ jẹ ọ̀kan kù.

"Bá mi" di "help me". Nílé, "ẹ bá mi" ń rọ ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì ti òkèèrè, "help me sign it" lè dún bíi pé ẹni méjì ló jọ fẹ́ di kálàmù kan mú. "Mo fẹ́ kí ẹ..." di "I want you to...", gbólóhùn tí elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò fún ọmọ abẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú di "don't be annoyed sir", ẹni tí inú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ á wá máa wò ó pé kí ló ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí òun bínú sí. "Mo bẹ̀ yín" di "I am begging you in the name of God", nítorí ìwé tí akọ̀wé fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ lásán. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ, àánú á ṣe é. Àjèjì tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà á pé nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀.

Tẹlifóònù wá jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn sí i. Orúnkún kò ṣeé tẹ̀ sórí WhatsApp, ohùn rírọlẹ̀ kò sì hàn nínú lẹ́tà tí à ń tẹ̀. Ìkíni nìkan ló kù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dì mú. Yóò tẹ "Good morning sir", á sì dúró. Kò ní í sọ ohun tó fẹ́ àfi bí olùkọ́ bá dáhùn, nítorí ẹni tí wọn kò tíì ní kó wọlé kì í ti ẹnu ọ̀nà pariwo ohun tó bá wá. Olùkọ́ tó dàgbà sílẹ̀ Yorùbá á dáhùn pé, "How are you?" Ọ̀rọ̀ á tẹ̀ síwájú. Ẹni tó jẹ́ pé ọ́fíìsì òkèèrè ló ti ṣiṣẹ́ á rí ìkíni láìní ohun tó tẹ̀lé e, á ní ọmọ yìí ń fi àkókò òun ṣòfò. Ìwà rere kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ọ̀kan rí ìwà, èkejì rí ìyọlẹ́nu.

Jenny Thomas ṣàlàyé ewu tó wà nínú èyí nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1983. Bí àjèjì bá ṣi gírámà lò, àwọn tó ń gbọ́ ọ á mọ̀ pé kò tíì mọ èdè náà tó. Bí gírámà rẹ̀ bá dára, àmọ́ tó ṣi ọ̀nà ìbéèrè gbà, ìwà rẹ̀ ni wọ́n máa dá lẹ́jọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wa bá ṣe ń dára tó, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe irú èyí ṣe ń pa á lára tó, nítorí kò sẹ́ni tó máa rò mọ́ pé èdè ni kò gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì náà ti kúnlẹ̀ rí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gẹ̀ẹ́sì kò wólẹ̀ rí. Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn akọ̀wé tó ń báni kọ létà máa ń jókòó nítòsí ilé ẹjọ́ àti ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa. Àgbẹ̀ tó ní ẹ̀sùn yóò ro tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, akọ̀wé á sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aláṣẹ ń fẹ́, èyí tó parí sí "I have the honour to be, Sir, your obedient servant." Èdè ọ́fíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn láyé ọjọ́un. Àwọn tó ni ín ti pa á tì báyìí, ṣùgbọ́n a ṣì rí ojú rẹ̀ nínú "I humbly wish to apply" tí àwọn ọmọ wa ń kọ. Ó bá wa lára mu, nítorí ó jọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé. A kó o lọ́dọ̀ wọn, a tọ́jú rẹ̀, àwọn sì ti lọ síbòmíràn. Ọmọ tó bá lò ó lónìí kò ṣe àṣìṣe gírámà kankan. Àkókò ni kò bá a rìn mọ́ níbi tó fi létà ránṣẹ́ sí.

Ohun tí ìdánwò ń kà

Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 50, 10 wà fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe nínú gírámà, sípẹ́lì àti àmì. Àpótí kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bí ọmọ ṣe mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ girama tí ọmọ 60 wà nínú kíláàsì rẹ̀ yóò kọ́ wọn ní ohun tí ìdánwò ń kà. Kò ṣeé dá lẹ́bi. Ọmọ á mọ ibi tí àdírẹ́sì ń gbé nínú létà, á mọ "Yours faithfully", síbẹ̀ kò ní í mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "I want" àti "I would like" létí ẹni tó máa gbà á síṣẹ́.

Àwa nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ bá. Kathleen Bardovi-Harlig àti Zoltán Dörnyei fi fídíò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Họ́ngárì àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1998. Àwọn tó wà ní Họ́ngárì, tó jẹ́ pé inú kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ èdè náà, ka àṣìṣe gírámà sí ohun tó burú jù. Àwọn tó ń gbé láàárín elédè ní Amẹ́ríkà ka ọ̀rọ̀ tí kò bá ipò mu sí èyí tó burú jù. Ohun tí a bá fi ìdánwò gbé ga ni ọmọ ń rí.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ẹ̀kọ́ yìí kò ní kí ìjọba kọ́lé tuntun. Nínú kíláàsì GST 111, olùkọ́ lè mú ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo, kó ní kí àwọn ọmọ bẹ ẹni mẹ́ta tó yàtọ̀: ọ̀rẹ́ wọn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, rẹ́jísíra yunifásítì, àti ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Kánádà tí wọn kò rí rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá. Kí wọ́n fa ìlà sí gbogbo ibi tí ọ̀wọ̀ wà: ìkíni, "ẹ", "ẹ jọ̀ọ́", "bá mi", àlàyé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wo èyí tí kò ní ojúgbà. Ọmọ tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta yóò mọ̀ pé "could you" kì í ṣe ìbéèrè nípa agbára, àti pé ohun tí òun wá fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ímeèlì, kó má bàa sọnù sábẹ́ ìkíni.

Kí olùkọ́ má sì ní kí wọ́n pa "sir" tì. L'Ókukù àti Ìkìrun, ọmọ tó bá kọ ímeèlì sí olórí ẹ̀ka rẹ̀ láìní "sir" tàbí "ma" yóò rí ìjà he, bí "could you" inú rẹ̀ tilẹ̀ pé mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ní àwọn tó ń sọ ọ́, ó sì ní òfin ìwà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò méjèèjì, àti ọgbọ́n láti mọ ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kan àwọn ọmọ wa tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dàgbà ní ìlú ńlá àti lókè òkun. Wọ́n mọ "could you please" dáadáa, wọ́n sì ń tú u sí Yorùbá fún ìyá àgbà pé, "Ṣé ẹ lè bá mi gbé omi wá?" Wọ́n rò pé àwọn ti fi ọ̀wọ̀ sí i. Ìyá àgbà kò gbọ́ ọ̀wọ̀ kankan, nítorí ọ̀rọ̀ kò lè tún iṣẹ́ tí kò yẹ kí ọmọ rán an ṣe. Àṣìṣe tiwọn àti ti ọmọ Ìnísà jẹ́ ọ̀kan náà, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ló yàtọ̀.

Àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ náà ní ipa tiwọn. Bí létà kan bá wọlé tó ní "I want you to employ me", kí ẹni tó gbà á bi ara rẹ̀ bóyá ìgbéraga ni tàbí èdè ilé ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wò ó fínnífínní kó tó na ọwọ́ sí apó.

Kí WAEC àti àwọn yunifásítì wá fi máàkì díẹ̀ sí i. Bí márùn-ún péré nínú 50 bá wà fún bí ọmọ ṣe bá ẹni tó ń kọ̀wé sí sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì láti Ìkìrun dé Òkukù yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ láàárín ọdún kan, nítorí ohun tí ìdánwò bá kà ni olùkọ́ ń rí àyè kọ́. Òbí ti ṣe tiwọn: wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ sínú ọmọ kó tó jáde nílé. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni láti rí i pé ọ̀wọ̀ náà hàn sí ẹni tí a fẹ́ bẹ̀, ní èdè yòówù tí a bá fi bẹ̀ ẹ́.